Bí a ṣe ń ṣírò ìgbóná tí gáàsì CO2 ń fà: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ní bírò, ìwé àti fóònù

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, níbi tí mo ti lọ gba aṣọ àdìrẹ kan, ìyá aláró tó bá mi ṣe é bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè dáhùn. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé bí gáàsì tó ń jáde lára epo tí a ń jó bá di ìlọ́po méjì nínú afẹ́fẹ́, ayé yóò fi nǹkan bíi dígírì 3 gbóná sí i. Ó ní, “Tíṣà, ta ló lọ sí ọjọ́ iwájú, tó wọ̀n ọ́n, tó sì padà wá sọ fún wa?” Mo ní, “Màmá, kò sẹ́ni tó lọ. Ìṣirò ni wọ́n ṣe.” Ó ní kí n ṣe é lójú òun. Ẹ̀yìn páálí kan ni a kọ ọ́ sí, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró la sì jókòó sí. Ohun tí mo kọ sórí páálí yẹn ni mo tún tò síbí, lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú àlàyé tí àyè kò gbà lọ́jọ́ náà.

Gáàsì tí mò ń sọ ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì, tí a ó máa pè ní CO2. Ẹ mú fóònù yín, ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣírò inú rẹ̀, kí ẹ sì yí fóònù náà sí ìbú kí bọ́tìnnì “ln” àti “√” lè yọ. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ nílò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ohun tó ń wọlé

Módẹ́ẹ̀lì ojú ọjọ́, ìyẹn ìṣirò tí a fi ń ṣàpẹẹrẹ bí ojú ọjọ́ ayé ṣe ń ṣiṣẹ́, kò bẹ̀rẹ̀ látorí gáàsì. Ohun tó fi ń bẹ̀rẹ̀ dà bí ìwé tí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ọjà Ọba fi ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde. Oòrùn ló ń mú owó wọlé. Lókè pátápátá, kí ìtànṣán tó wọ inú afẹ́fẹ́ wa, ojú ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó, tó sì kọjú sí oòrùn gan-an, ń gba wáàtì 1,361. Ṣùgbọ́n ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí atẹ. Ó rí róbótó, ìdajì rẹ̀ sì wà nínú òkùnkùn nígbà gbogbo, nítorí náà a ó pín 1,361 sí ọ̀nà 4 kí a tó mọ ohun tó kan gbogbo ojú ayé tọ̀sán tòru. Ó jẹ́ 340. Ìkùukùu, yìnyín àti iyanrìn aṣálẹ̀ ń ta nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ padà sí òfurufú láìjẹ́ kó gbóná nǹkan kan. Èyí tó kù jẹ́ 238. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní 240 kí ìṣirò lè rọrùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ohun tó ń jáde

Ní aago méje alẹ́, ẹ na ọwọ́ sí ògiri tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, láìfọwọ́ kàn án. Ẹ ó mọ ooru rẹ̀ lára. Ohunkóhun tó bá ní ooru lára ń tú u jáde bí ìtànṣán tí ojú kò rí, bó bá sì ṣe gbóná tó ni ohun tó ń tú jáde ṣe ń pọ̀ tó. Ayé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohun tó ń jáde kò bá tó ohun tó ń wọlé, ayé yóò máa gbóná sí i títí tí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Bó bá pọ̀ jù, yóò máa tutù. Gbogbo ìṣirò tó kù dúró lórí gbólóhùn kan yìí.

Ẹ tẹ 240, ẹ pín in pẹ̀lú 0.0000000567, nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ fi ń so ìgbóná nǹkan mọ́ ìtànṣán tó ń tú jáde, kí ẹ sì tẹ √ lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdáhùn náà. Yóò fún yín ní 255. Ìwọ̀n Kelvin nìyẹn; ẹ yọ 273 kúrò, ó di -18 °C. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ì bá ṣe tutù tó bí afẹ́fẹ́ wa kò bá mú ooru dúró rárá. Bí a bá pa gbogbo ojú ayé pọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ tòótọ́ sún mọ́ 15 °C. Ìyàtọ̀ dígírì 33 yẹn jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, CO2 àti àwọn gáàsì díẹ̀ mìíràn. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé CO2 kéré jù láti ṣe nǹkan kan ní láti kọ́kọ́ sọ ibi tí dígírì 33 náà ti wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, fi àwọn ìgò gíláàsì dán an wò nínú oòrùn, ó sì rí i pé èyí tó ní CO2 nínú gbóná ju èyí tó ní afẹ́fẹ́ lásán lọ. Láti 1859, John Tyndall wọn bí àwọn gáàsì ṣe ń mú ìtànṣán ooru mọ́ra. Ní 1896, Svante Arrhenius ti Sweden jókòó, ó fi ọwọ́ ṣírò ohun tí ìlọ́po méjì CO2 yóò ṣe, ó sì rí nǹkan bíi dígírì 5 sí 6. Ìdáhùn rẹ̀ ga ju ti òde òní lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà kò ṣìnà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá iye CO2

Kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí jó èédú káàkiri Yúróòpù, nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́, nǹkan bí 280 ló jẹ́ CO2. Inú yìnyín ni a ti rí èyí: afẹ́fẹ́ àtijọ́ há sínú yìnyín Antarctica bí èéfóófòó kéékèèké, àwọn onímọ̀ sì ti gbẹ́ ẹ dé èyí tó ti wà níbẹ̀ láti 800,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní 1958, ó jẹ́ nǹkan bí 315. Ní 2019 ó dé 410, ó sì ti kọjá 420 báyìí. Ẹ kọ 280 sí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé yín, kí ẹ kọ 560 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. 560 ni ìlọ́po méjì tí gbogbo ènìyàn ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ gáàsì di wáàtì

Ibí ni mo ti dúró pẹ́ jù pẹ̀lú ìyá aláró, nítorí pé òun gan-an mọ ọ̀rọ̀ náà jù mí lọ, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

CO2 kì í dí oòrùn tó ń bọ̀ lọ́nà. Ooru tó ń padà lọ ló ń gbà mọ́ra. Ooru yìí ń bọ́ láti orí ìpele afẹ́fẹ́ kan dé òmíràn títí tí yóò fi dé ibi gíga kan tí gáàsì kò ti pọ̀ mọ́, tí yóò sì ráàyè jáde lọ. Bí gáàsì bá pọ̀ sí i, ibi tí ooru ti ń ráàyè jáde yóò ga sí i. Afẹ́fẹ́ sì ń tutù bí a ṣe ń gòkè, ohun tó tutù kì í sì í tú ooru jáde tó ohun tó gbóná. Ohun tó ń jáde dín kù, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń wọlé kò yí padà. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ láàárín méjèèjì ni a fẹ́ wọ̀n.

Nínú módẹ́ẹ̀lì ńlá, kọ̀ǹpútà ń ṣírò èyí ní ìpele kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti wọ̀n nínú yàrá ìwádìí nípa irú ìtànṣán tí gáàsì kọ̀ọ̀kan ń gbà mọ́ra. Àbájáde gbogbo rẹ̀ ni a ti fún pọ̀ sínú fọ́múlà kékeré kan láti 1998: ẹ fi iye CO2 tuntun pín pẹ̀lú 280, ẹ tẹ “ln”, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5.35. Ẹ dán an wò pẹ̀lú 560: 560 pín pẹ̀lú 280 jẹ́ 2, “ln” rẹ̀ jẹ́ 0.693; ìlọ́po 5.35 rẹ̀ jẹ́ 3.7. Wáàtì 3.7 lórí mítà kan níbùú àti lóròó ni àlàfo tí ìlọ́po méjì ń ṣí. Àkójọ ìwádìí àgbáyé ti 2021, tí IPCC, àjọ àgbáyé tó ń kó ìwádìí lórí ojú ọjọ́ jọ, gbé jáde, fi í sí nǹkan bí 3.9 nígbà tí wọ́n ka àwọn àtúnṣe kan tí afẹ́fẹ́ ń tètè ṣe mọ́ ọn. A ó máa lo 3.7.

Ẹ wá wo ohun tí “ln” ń ṣe. Ẹ fi 70 kún gáàsì náà ní ìgbà mẹ́rin láti 280 dé 560. Èyí àkọ́kọ́ fi wáàtì 1.19 kún un, èkejì fi 0.98, ẹ̀kẹta fi 0.82, ẹ̀kẹrin fi 0.71. Iye gáàsì kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dín kù. Nígbà tí mo kọ àwọn nọ́ńbà yìí sílẹ̀, ìyá aláró mú aṣọ funfun kan, ó rì í bọ ìkòkò, ó fà á yọ. Ó jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí i, ó di búlúù lójú wa. Ó ní, “Wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ ló yí aṣọ padà jù. Ìgbà kejì yóò ṣe díẹ̀ sí i. Bó bá di ìgbà kẹfà, aláró nìkan ló máa mọ̀ pé ó tún dúdú sí i.” Kò sí àlàyé tí mo ti ṣe ní kíláàsì tó dára tó èyí.

Ṣùgbọ́n ó níbi tí àfiwé náà mọ. Aṣọ a máa dé ibi tí kò ti lè dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. CO2 kò tíì débẹ̀, nítorí pé bí àárín àwọn ìtànṣán tó ń gbà mọ́ra ti kún, etí rẹ̀ méjèèjì ṣì ń gbòòrò. Àwọn kan máa ń sọ pé gáàsì náà ti kún, kò lè ṣe nǹkan mọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣì í nìyí. Ìlọ́po méjì kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí 3.7 kún un, yálà láti 280 dé 560 tàbí láti 560 dé 1,120.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìgbóná tí yóò wà bí nǹkan mìíràn kò bá yí padà

Bí ayé bá fi dígírì kan gbóná sí i, wáàtì mélòó ni yóò fi kún ohun tó ń tú jáde? Láti inú ìgbésẹ̀ kejì, ẹ sọ 240 di ìlọ́po 4, kí ẹ pín in pẹ̀lú 255: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3.8. Àwọn módẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n ń ṣe é ní ibi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí nǹkan bí 3.2, èyí ni a ó mú. Ẹ pín 3.7 pẹ̀lú 3.2. Ìdáhùn jẹ́ nǹkan bí 1.2 °C. Ó kéré púpọ̀ sí 3 tí rédíò sọ, ẹlòmíràn sì máa ń dúró síbí, tí yóò sọ pé wọ́n ń bù mọ́ ọn. Ìṣirò kò tíì parí ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka ohun tí ayé fi ń dáhùn

Bí ayé bá gbóná, àwọn nǹkan kan yóò yí padà, tí àwọn náà yóò sì tún ṣiṣẹ́ lórí ìgbóná náà. A ó máa yọ iṣẹ́ wọn, ní wáàtì fún dígírì kan, kúrò nínú 3.2.

Ọ̀rinrin ló tóbi jù. Fún dígírì kan tí afẹ́fẹ́ bá fi gbóná sí i, ó lè gba ọ̀rinrin tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i, ọ̀rinrin náà sì ń gba ooru mọ́ra bíi CO2. Bí a bá ti yọ ohun tí ìyípadà ìgbóná lókè òfurufú ń dá padà, ó kù nǹkan bí 1.3. Ti yìnyín kò gùn: bó bá yọ́, ilẹ̀ dúdú àti òkun ń hàn, wọn kì í sì í ta oòrùn padà bíi yìnyín. Ẹ kọ 0.35.

Ìkùukùu ni iṣẹ́ tó le. Ìkùukùu tó wà nísàlẹ̀, tó nípọn, ń ta oòrùn padà, ó sì ń mú ilẹ̀ tutù. Èyí tó wà lókè réré, tó fẹ́lẹ́, ń jẹ́ kí oòrùn kọjá, ó sì ń há ooru mọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì ṣòro kọ ni pé ìkùukùu kéré, módẹ́ẹ̀lì sì ń fi àpótí ńlá wo ayé. Ó ń pín afẹ́fẹ́ sí àpótí tó to ara wọn lókè lódò, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń tó nǹkan bí 100 kìlómítà, ó sì ń fi òfin ìṣípòpadà, ooru àti omi ṣírò ohun tó ń kọjá láti inú ọ̀kan sí èkejì ní gbogbo nǹkan bí ìdajì wákàtí, fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí kan bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ díẹ̀. Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà lè wà nínú ẹyọ kan, kí wọ́n sì ní ìwọ̀n ìgbóná kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé òjò lè rọ̀ ní Òkè-Fìà kí ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun gbẹ táútáú. Nítorí náà, àwọn tó ń kọ módẹ́ẹ̀lì kì í ya ìkùukùu kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń kọ òfin tó sọ pé bí àpótí bá gbóná báyìí, tó sì ní ọ̀rinrin báyìí, ìkùukùu tó báyìí ni yóò wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, wọ́n sì ń fi ohun tí sátẹ́láìtì rí tún un ṣe. Ibí ni ìdáhùn wọn ti ń yàtọ̀ jù.

Ẹ mú 0.4 fún ìkùukùu. Ẹ yọ 1.3, 0.35 àti 0.4 kúrò nínú 3.2, ó kù 1.15. Ẹ pín 3.7 pẹ̀lú 1.15: ó jẹ́ 3.2 °C.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn, nítorí ohun tó kàn ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ sọ ti ìkùukùu di 0, ìdáhùn yóò jẹ́ 2.4 °C. Ẹ sọ ọ́ di 0.7, yóò jẹ́ nǹkan bí 4.4 °C. Láti 0.4, ìgbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní 0.4, ìdáhùn dín ní 0.8, ìgbà tí ẹ fi 0.3 péré gòkè, ó fi 1.2 pọ̀ sí i. Àìdánilójú náà kò pín dọ́gba: ọ̀dọ̀ ewu ló fì sí. Ẹni tó bá ń sọ pé nítorí pé àwọn onímọ̀ kò ní ìdánilójú, kí a fọkàn balẹ̀, kò tíì ṣe ìṣirò yìí. Ní 1979, ìgbìmọ̀ kan tí Jule Charney darí ní Amẹ́ríkà sọ pé ìlọ́po méjì yóò fa 1.5 sí 4.5 °C. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ogójì ọdún, IPCC ti 2021 fún un pọ̀ sí 2.5 sí 4, wọ́n sì fi 3 sáàárín. Kì í ṣe módẹ́ẹ̀lì nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n wo ìgbóná tí a ti wọ̀n láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti gbòde, àti ti ayé àtijọ́ nígbà tí yìnyín bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àríwá.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi àkókò sí i

Dígírì 3 yẹn kì í dé lọ́jọ́ kan náà. Ìkòkò ńlá kì í tètè hó. Nínú ooru àfikún tí ayé ń gbà, òkun ń gba nǹkan bí ìdá 90 nínú 100. Ìdí nìyí tí àwọn onímódẹ́ẹ̀lì fi ń wọn nǹkan méjì, ó sì yẹ kí ẹ máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Fún ti àkọ́kọ́, wọ́n ń fi ìdá 1 nínú 100 kún CO2 lọ́dọọdún nínú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń di ìlọ́po méjì ní ọdún àádọ́rin, wọ́n á sì ka ìgbóná ìgbà náà. IPCC fi 1.8 °C sáàárín fún un. Fún èkejì, wọ́n ń sọ CO2 di ìlọ́po mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ń jẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ fún ọdún 150, wọ́n ń fa ìlà láti mọ ibi tí ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde yóò ti dọ́gba, wọn á sì pín ìdáhùn sí méjì. Èyí ni ìgbóná ìkẹyìn, tí a ṣírò tiwa ní ìgbésẹ̀ kẹfà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ fi 410 ti 2019 sínú fọ́múlà. Yóò fún yín ní nǹkan bíi wáàtì 2.04. Ẹ pín in pẹ̀lú 3.7, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.8: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 °C. Ohun tí a wọ̀n káàkiri ayé láàárín 2011 sí 2020, bí a bá fi wé 1850 sí 1900, jẹ́ nǹkan bí 1.1 °C. Kí inú yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ má yọ̀ jù, torí pé mítéènì àti àwọn gáàsì mìíràn fi ìgbóná tiwọn kún un, èéfín àti eruku wínníwínní láti ilé iṣẹ́ sì mú díẹ̀ kúrò. Apá kan nínú méjèèjì ń pa ara wọn rẹ́.

Ìdánwò tó lágbára jù wá láti òkè Pinatubo ní Philippines, tó bú gbàmù ní Okudù 1991. Àwọn oníṣirò fi èéfín rẹ̀ sínú módẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì kéde ṣáájú pé ayé yóò fi nǹkan bí ìdajì dígírì tutù. Ó rí bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ní 1967, Syukuro Manabe àti Richard Wetherald ṣírò pé bí CO2 bá pọ̀, ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò gbóná ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ réré yóò tutù. Bí ó bá jẹ́ oòrùn ló ń le sí i, òkè náà ì bá gbóná pẹ̀lú. Sátẹ́láìtì ti fi hàn láti ìgbà náà pé òkè ń tutù. Manabe wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún fisíìsì ní 2021.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí ẹ bá ń mú un bọ̀ ní Òṣogbo

Nọ́ńbà yìí jẹ́ ti gbogbo ayé lápapọ̀, ilẹ̀ sì ń gbóná ju òkun lọ. Láàárín 2011 sí 2020, ilẹ̀ ti fi nǹkan bí 1.6 °C gbóná, òkun sì jẹ́ nǹkan bí 0.9. Ti ìgbóná, àwọn módẹ́ẹ̀lì fohùn ṣọ̀kan lórí ilẹ̀ wa. Iye òjò tí yóò máa rọ̀ lọ́dún ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí, nítorí náà ẹni tó bá gbé àwòrán módẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo wá, tó ní kí ẹ fi pinnu ohun tí ẹ ó gbìn, ẹ ní kó mú mẹ́wàá wá. Ohun tó dájú ni ti ìdá 7 nínú 100 ọ̀rinrin yẹn: nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, omi púpọ̀ wà lókè láti dà sílẹ̀, etí odò Ọ̀ṣun sì ni kí ẹ fi í sọ́kàn jù.

Nígbà tí a parí, páálí náà ní ìlà mẹ́rin: 560, wáàtì 3.7, 3.2 °C, “láti 2.5 dé 4, lẹ́yìn tí òkun bá ti gbóná tán.” Ìyá aláró kà á, ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún aró, ó sì ní mi ò kọ ọdún sí i. Mo sọ fún un pé ọdún tí afẹ́fẹ́ yóò dé 560 kò sí nínú fọ́múlà kankan, pé iye epo, èédú àti gáàsì tí àwa ènìyàn bá jó ló máa sọ ọ́, nítorí nǹkan bí ìdajì ohun tí a bá tú jáde ló ń kù sínú afẹ́fẹ́. Ó ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún ọdún náà. Mo fi í sílẹ̀.